Kí Lo Rí Lórí Yẹn?

Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti kọ́ iṣẹ́ irun dídì, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irun. Wọ́n ní kí n jókòó sórí ẹní, kí n máa wo orí. Mo jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, mò ń wo orí àwọn oníbàárà bí ẹni tó lọ sọ́jà láìmú owó dání. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn dìde, ọ̀gá mi ṣa irun tó já sílẹ̀ jọ, wọ́n fi bébà wé e, wọ́n fi lé oní-irun lọ́wọ́, nítorí pé a kì í jẹ́ kí irun oníbàárà sùn sílé onídìrí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi.

"Sìkírá, kí lo rí lórí yẹn?"

Mo ní irun ni mo rí. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní ó dáa, kí n lọ pọn omi wá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. N ò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn á máa lépa mi fún ohun tó lé lọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n.

Ìyá Arìnpé ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀gá mi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn ò jìnnà. Èmi ní tèmi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, ẹnu mi mú, ọwọ́ mi sì yá. Kì í ṣe pé mò ń yin ara mi o, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí nígbà náà. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, mo ti mọ kòlẹ́sẹ̀, tí gbogbo ìlà rẹ̀ máa ń forí lé ẹ̀yìn ọrùn. Mo ti mọ ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n ń dì láti ìpàkọ́ bọ̀ níwájú. Kí ọdún tó yí po, mo ti ń di ṣùkú, èyí tí í ṣe irun ìyàwó. Nínú ṣùkú, gbogbo ìlà irun á gbéra láti etí orí yíká, wọ́n á lọ pàdé ní àtàrí, wọ́n á sì ga sókè níbẹ̀. Bí ìlà kan bá fi díẹ̀ fẹ̀ ju èkejì lọ, àárín ò ní jẹ́ àárín mọ́, orí á wá dà bíi pé ó ń yọjú wo ilé kejì. Nítorí náà, inú ìlà lílà ni iṣẹ́ wa wà. Ohun tí a fi ń la ìlà là ń pè ní ìlarun, òòyà igi tó ní eyín lápá kan, tí ìdí rẹ̀ wá rí ṣóńṣó.

Ìyá Arìnpé ní àṣà kan tí n ò rí lọ́dọ̀ onídìrí mìíràn. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá gba fìrídọ̀ọ̀mù, wọ́n á fún un ní ìlarun tirẹ̀. Agbẹ́gi kan tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ló ń gbẹ́ ẹ, ọ̀gá mi fúnra wọn á wá fi wáyà gbígbóná tẹ àmì sí i lára, àmì ẹnì kan kì í jọ ti ẹlòmíràn. Ihò kékeré mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra ni àmì tèmi. Mo mọ̀, nítorí pé mo yọjú lójú fèrèsé nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Igi náà ṣì funfun nígbà náà, ó ń rùn bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹ̀wà tí mo gbé kaná, ó jóná.

Ṣùgbọ́n kí fìrídọ̀ọ̀mù tó dé, kò sí ọjọ́ kan tí ọ̀gá mi ò ní bi wá léèrè, lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan, pé kí la rí lórí yẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń rí nǹkan sọ. Ọ̀kan á ní obìnrin yìí ní àpá kan lẹ́yìn etí tí kì í fẹ́ kí a kàn. Òmíràn á ní ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹn ò rẹ́rìn-ín lónìí, àfi bíi pé nǹkan ń dùn ún lọ́kàn. Èmi á ní, "Ó ti parí, Màmá, ó sì dọ́gba." Òótọ́ sì ni, ó máa ń dọ́gba. Lójú tèmi, kí irun parí, kó dọ́gba, kí ẹni tó kàn jókòó, iṣẹ́ nìyẹn. Ta ló ní kí n wá máa ṣe aṣọ́bodè lórí olórí?

Ọjọ́ fìrídọ̀ọ̀mù mi dé. Wọ́n se ìrẹsì, àwọn èèyàn mi wá, ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà mi náà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá mi fi òrí pa mí ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n ṣàdúrà gígùn fún mi, gbogbo ilé ń ṣe àmín. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mò ń retí ìlarun mi. Wọ́n gbé mi dìde lọ́wọ́ òfìfo.

"Ọwọ́ rẹ ti mọṣẹ́, Sìkírá," ni wọ́n wí. "Ìlarun rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tí o bá rí nǹkan lórí ènìyàn, wá sọ fún mi, kí o sì wá mú un."

Níwájú ìyá ọkọ mi! Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì. Ojú tì mí, inú sì bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Mo ra òòyà rọ́bà lọ́nà, mo tẹ̀lé ọkọ mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní kí ni igi fi ju rọ́bà lọ? Láti ọjọ́ náà, bí Iléyá bá ti dé, mo máa ń fi ẹran ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, itan tó dáa ni mo máa ń mú, ṣùgbọ́n èmi alára ò fẹsẹ̀ tẹ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ́. Bí mo bá sì rántí ihò kékeré mẹ́ta yẹn, mo máa ń wá nǹkan mìíràn ṣe.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù nítòsí Takie, Ọlọ́run sì bá mi ṣe é. Àwọn ọmọ yunifásítì ń wá, àwọn ìyàwó àfáà ń wá, àwọn obìnrin ọjà ń wá. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ. Mo kà á sí oyè, mo tilẹ̀ ní kí akọ̀wé ara ògiri kọ ọ́ sókè ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọdún ń gorí ọdún, oyè náà di òtítọ́. Orí ń wọlé, orí ń jáde, bí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà lórí àtẹ. Ẹ̀yìn ń dùn mí, orúnkún ń dùn mí, bí wọ́n bá bi mí pé báwo ni iṣẹ́, mo máa ń ní a ṣáà ń mí. Ọmọ mi Sàdíà bá ra fóònù ńlá kan fún mi kí ọjọ́ lè máa yára lọ. Mo kan ìṣó mọ́ ògiri, mo fi rọ́bà so fóònù mọ́ ọn ní ọ̀gangan ojú mi, fíìmù ń lọ, ọwọ́ mi ń dirun nísàlẹ̀.

Àwọn oníbàárà kì í yé sọ̀rọ̀ ní tiwọn. Mo wá rí ọgbọ́n kan dá sí i. Bí ẹnìkan bá ti sọ nǹkan tó sì dákẹ́, mo máa ń ní "Àmín." Àwa èèyàn wa, ìdajì ọ̀rọ̀ wa àdúrà ni, kì í sábà tàsé. Ó ṣiṣẹ́ fún mi fún ọdún mẹ́ta gbáko, àfi ọjọ́ tó jẹ́ ti Ràfíátù.

Ràfíátù jẹ́ ọmọ Ìyá Onírú, ẹni tó ń ta irú ní Takie, tí èmi àti rẹ̀ ti jọ ń ṣe tipẹ́. Ìyá rẹ̀ fi í lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó ní kí n di ṣùkú fún un, ọ̀la ni wọ́n máa so yìgì rẹ̀, inú Ọ̀yọ́ ni ọkọ rẹ̀ sì ti ń bọ̀. Mo ní kò séwu. Fíìmù tí mò ń wò lọ́jọ́ náà, ọkùnrin kan ló fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láìsọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ ò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ mi ń lọ, ọmọ náà ń sọ̀rọ̀, mò ń ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n mú ọkùnrin náà ni irun náà parí, mo sì gbé jígí fún un.

Ìyá Onírú wọlé lákòókò yẹn. Ó wo iwájú ọmọ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó tún yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Ìlà mọ́kànlá ni mo là sápá ọ̀tún, mẹ́sàn-án sápá òsì. Ṣùkú tó yẹ kó jókòó sí àtàrí ti sún dé òkè etí, bíi fìlà ẹni tó mutí yó. Èmi náà rí i, mo sì mọ̀ pé mo ti ṣe é. Dípò kí n bẹ̀bẹ̀, ẹnu mi yìí ló tún ṣáájú mi. Mo ní bóyá orí ọmọ náà ni kò dọ́gba.

Ìyá Onírú ní òun lòun bí ọmọ náà, orí rẹ̀ dọ́gba nígbà tóun bí i. Ó wá bi ọmọ rẹ̀ pé ṣé kò rí i ni, tí kò fi sọ. Ràfíátù wo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mo sọ ọ́. Mo ní etí mi ń dùn mí, Màmá ní àmín. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ dẹwọ́ díẹ̀, wọ́n ní àmín. Mo ní ó dà bíi pé apá kan kéré, wọ́n ní àmín àṣẹ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lónìí, bí mo bá ń sọ ọ́, èmi gan-an máa ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ara mi tutù. Ìyá Onírú ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá rí ọ̀rọ̀ fi gbèjà ara mi. Ó kàn ní, "Ìyá Sàdíà, ọ̀la ni wọ́n máa so yìgì ọmọ mi o," ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó káwọ́ gbera.

Mo já fóònù lára ìṣó, mo pa á, mo jù ú sínú àpò. Mo bẹ̀ wọ́n tìyátọmọ. Mo tú irun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gbà mí tó wákàtí kan, nítorí ó le bí okùn ẹran. Bí mo ti ń tú u ni mo rí eéwo kékeré kan lẹ́yìn etí òsì rẹ̀, ó pọ́n wẹ́ẹ́. Orí eéwo yẹn ni mo ti fa irun mọ́ fún odidi ọ̀sán, ọmọ náà sì rọ́jú, nítorí pé wọ́n ti sọ fún un pé ìyàwó kì í sunkún nídìí irun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Mo fi àdí àgbọn sí ibẹ̀ jẹ́jẹ́, mo ní kó má bínú sí mi. Ó ní kò burú.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í la ìlà. Láìsí fíìmù, ọwọ́ mi kọ́kọ́ ṣe bí àlejò. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Irun rẹ̀ le níwájú, ó rọ̀ lẹ́yìn, nítorí náà ọwọ́ tí n ó fi di iwájú gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn. Bí mo bá ti súnmọ́ etí òsì, ó máa ń di èémí mú, nígbà tí mo bá kọjá ibẹ̀ tán, èjìká rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀. Ó tó àsìkò àsárì, oòrùn sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó tàn sórí ọmọ náà tààrà, àdí inú àwọn ìlà náà ń dán yinrin. Mo dáwọ́ dúró, mò ń wò ó. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò mọ̀ rí pé oòrùn máa ń wọlé síbẹ̀.

Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù ilé ọkọ ń bà á. Ó ní ó ń bà á díẹ̀. Mo ní nítorí kí ni? Ó ní ọkọ òun kì í jẹ ata, òun ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ aláìláta. Mo ní ọmọ Ọ̀yọ́ wo ni kì í jẹ ata? Ìyá rẹ̀ tó ti bojú jẹ́ láti ìgbà tó ti dé bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun náà ti béèrè bẹ́ẹ̀, ó ní bóyá kí wọ́n tún lọ wádìí ìdílé náà wò dáadáa. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kí wọ́n tó pe ìrun màǹgàríbì, ṣùkú ti jókòó ṣinṣin sí àtàrí. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn, ó sì ti pẹ́ tí inú mi ti dùn kẹ́yìn nídìí iṣẹ́ mi. Mo ṣa irun tó já jọ, mo wé e, mo fi lé Ràfíátù lọ́wọ́. Bí wọ́n ti jáde báyìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi yọ sí mi lọ́kàn, bíi pé wọ́n dúró sẹ́yìn mi. Kí lo rí lórí yẹn?

Ẹ má rò pé mo ti di ẹni mímọ́ láti ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, mo fi fóònù sínú àpò, nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ọwọ́ mi ti wà nínú àpò náà. Mo wá ní kí Sàdíà máa mú un lọ ilé. Mò ń fi tipátipá bi ara mi léèrè lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan pé kí ni mo rí, ọjọ́ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé irun nìkan ni mo rí. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ojú mi ń là. Ọmọ yunifásítì kan wà tó jẹ́ pé bí ọwọ́ mi bá ti dé ẹ̀yìn etí ọ̀tún rẹ̀, oorun á gbé e lọ, bí ẹni pé bọ́tìnnì wà níbẹ̀. Ọmọ kékeré kan wà tí mo rí ègé ìpanu ṣínṣín kan nínú irun rẹ̀, kí n tó sọ ọ́ nù, ó ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó ti jẹ ẹ́. Mo ní ìyá arúgbó kan tó máa ń mi ètè bí mo bá ń dirun fún un. Ó ti ń wá sọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò bi í rí. Mo bi í lọ́jọ́ kan. Ó ní òun máa ń dárúkọ àwọn ọmọ òun lọ́kọ̀ọ̀kan fún Ọlọ́run bí òun bá jókòó síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í ti í dà òun láàmú. Ó ní bóun bá dárúkọ wọn tán, òun á dárúkọ tèmi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó kí Ràfíátù tó wá kí ìyá rẹ̀. Ó yà sọ́dọ̀ mi kí n tún irun rẹ̀ dì. Ó ti ń sanra. Ó ní ọbẹ̀ aláìláta ò le bí òun ṣe rò, òun kàn máa ń gún ata tòun lọ́tọ̀ ni. Ó wá ní wọ́n rán òun sí mi.

Ó ṣàlàyé pé ní ọ̀sẹ̀ tí òun wọlé ọkọ, wọ́n mú òun káàkiri ilé àwọn àgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti lọ kí wọn. Ní ilé kan, ìyá àgbà kan tí ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ ní kí òun ṣí ìborí, kí àwọn lè gbọ́wọ́ lé òun lórí súre. Àdúrà náà ń lọ, ọwọ́ ìyá náà ń rìn lórí ìlà irun. Nígbà tó dé àtàrí, àdúrà dá dúró. Gbogbo ilé ń retí kí wọ́n ṣe àmín, kò síbi tí wọ́n máa ṣe é sí. Ìyá náà bi òun pé ta ló di irun yìí. Òun ní Ìyá Sàdíà ni, ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí lorúkọ rẹ̀ gan-an? Òun ní òun máa ń gbọ́ tí màmá òun ń pè wọ́n ní Sìkírá.

"Wọ́n parí àdúrà," ni Ràfíátù wí. "Wọ́n ní kí n bi yín pé kí lẹ rí lórí mi. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń di irun àwọn bó ṣe yẹ mọ́, àti pé ọjọ́ ń lọ."

Ara mi ò balẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń ṣe mí bíi kí n lọ, ó ń ṣe mí bíi kí n tún fi itan ẹran ránṣẹ́. Ìtìjú tó ti pẹ́ tóyẹn, ó ti di ohun ọ̀ṣọ́ mọ́ni lára. Ohun tó lé mi jáde ni ọ̀rọ̀ yẹn, pé ọjọ́ ń lọ. Bí wọ́n bá kú, ta ni n ó sọ ohun tí mo rí fún? Ta ló tún mọ ibi tí ìlarun mi wà? Ní ọjọ́ kẹrin, mo ra máńgòrò àti àdí àgbọn, mo wọ mọ́tò Ọ̀yọ́. Mo fi òòyà rọ́bà mi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ìyá Arìnpé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n ti kéré sí bí mo ṣe mọ̀ wọ́n. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ṣì ń kánjú." Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n fọwọ́ gbá mi lẹ́jìká.

"Mo rí gbogbo ẹran Iléyá," ni wọ́n wí. "Ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹran kì í dirun. Mú ìlarun lórí àpótí yẹn, kí o wá ṣe mí bí ènìyàn."

Mo nawọ́ mú un, mo jókòó sẹ́yìn wọn, mo ṣí ìborí wọn. Irun wọn ti funfun tán, ó rọ̀ bí òwú. Kòlẹ́sẹ̀ ni mo dì fún wọn, kí ó má fà wọ́n. Mi ò wo ibòmíràn. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lójúde, adìyẹ kan wọlé, ó jẹ ìyẹ̀fun ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀, ó jáde, gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́, kò sì sí èyí tó dí mi lọ́wọ́. Ojú mi wà lórí wọn bí ẹni ń ka ìwé tí kò fẹ́ kó tán. Omi bọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan, mo fi apá nù ún. Nígbà tí mo parí, mo ṣa irun funfun tó já jọ, mo fi bébà wé e, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ìka wọn rìn lórí ìlà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn ọrùn. Mò ń retí ohun tí wọ́n máa sọ bíi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

"Sìkírá," ni wọ́n wí, "kí lo rí lórí yẹn?"

Mo sọ fún wọn. Mo ní mo rí ojú ibi tí òṣùká jẹ láàárín orí wọn, níbi tí wọ́n fi ru igi ìdáná nígbà tí wọ́n ń tọ́ àwọn ọmọ wọn, irun ò sì padà hù dáadáa níbẹ̀. Mo ní mo rí irun dúdú méje ní ìpàkọ́ wọn, mo kà á, àwọn yẹn kọ̀, wọn ò tíì gbà láti darúgbó. Mo ní mo rí àpá kan lókè etí ọ̀tún tí mi ò rí rí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé nínú ilé yìí. Mo ní wọ́n sùn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń díbọ́n pé àwọn ò sùn. Mo ní mo rí i pé inú mi dùn láti ìgbà tí mo ti jókòó, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa bébà irun náà.

"Gbogbo ohun tí o rí nìyẹn?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Màmá."

"Kí wá ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ìlarun tí mo mú lórí àpótí ni, igi tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, tí eyín rẹ̀ ti dán. Mo gbé àtàǹpàkò mi kúrò lára rẹ̀. Ihò kékeré mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ léra, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán. Láti ọjọ́ tí mo ti lọ ni ọ̀gá mi ti ń fi ìlarun mi la irun gbogbo ìlú, kó má baà gbẹ níbi tó ti ń dúró dè mí. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi dì í mú, mo rí irun dúdú méje, mo rí adìyẹ, mi ò rí i.

Ìyá Arìnpé gbọ́ bí mo ṣe dákẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi gbórí lé wọn lórúnkún. Wọ́n fọwọ́ kan orí mi.

"Ó ṣì kù díẹ̀, Sìkírá," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n máa mú un lọ."